Pósítà Ojú Ilẹ̀ Tí Wọ́n Yà Lórí Ẹ̀rọ: Èwo Ni Kí Ará Ìbàdàn Rà?

Àwọn tó máa ń bi mí níbi tí wọ́n ti lè rí pósítà ojú ilẹ̀ rà, àwòrán David Hockney ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣí sórí fóònù fi hàn mí. Igi tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, koríko tútù yọ̀yọ̀, omi òjò tó dúró sójú títì, gbogbo rẹ̀ ń tàn yanran. Bàbá yìí, tí wọ́n bí ní Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1937, ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yàwòrán lórí iPhone. Nígbà tí iPad jáde ní 2010, ó gbé e lọ sójú títì. Ó ya ọ̀nà Woldgate ní ìlà-oòrùn Yorkshire ní 2011, láti ìgbà tí igi ṣì gbẹ títí ewé fi yọ, ilé àwòrán Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù sì gbé 51 lára àwọn àwòrán iPad náà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012. Lásìkò kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, Normandy ní ilẹ̀ Faransé ló wà, ló bá tún ya ìgbà ìrúwé ibẹ̀. 116 ni wọ́n pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà tàbí Ring Road lè gba ọ̀nà bíi márùn-ún. Owó òmíràn kò tó ìdajì àpò ìrẹsì. Owó òmíràn á ra ilé. Hockney ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé iṣẹ́ rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé, àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà tó ń ya ojú ilẹ̀ lórí ẹ̀rọ ló wù ú náà lè máa bá mi bọ̀; ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti yà, màá sọ ọ́.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà ní ojúlówó kan ṣoṣo níbì kan. Pósítà rẹ̀ kàn jẹ́ fọ́tò ojúlówó yẹn. Ti orí iPad kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì ni. Kò síbi tí a ti lè lọ fọwọ́ kàn án, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹni tó bá yan bébà náà, tó yan bó ṣe máa tóbi tó, tó yan iye tí wọ́n máa tẹ̀, òun gan-an ló parí àwòrán. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyẹn lórí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá: ta ló parí rẹ̀? Ṣé olùyàwòrán fúnra rẹ̀ ni, àbí ilé àwòrán tó gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àbí ẹ̀yin àti ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní Mọ́kọ́lá?

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Ìbàdàn. Àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tó ní òpó Màpó lára, kò níye bí wọ́n ṣe ti yà á tó. Ẹni tó bá mọ aṣọ kò ní bèèrè èwo ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Á bèèrè pé ṣé ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ sí i àbí ẹ̀rọ òkèèrè ló tẹ̀ ẹ́, aró ni àbí kẹ́míkà, iṣẹ́ ọwọ́ ta sì ni. Irú ìbéèrè tó yẹ kó wà lẹ́nu yín níwájú ẹni tó ń ta pósítà nìyẹn.

Íǹkì àti bébà ló tẹ̀ lé e, torí oòrùn wa kò mọ ojú olówó. Ẹ wo pósítà olóṣèlú tí ìbò rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ lára ògiri: ojú ọkùnrin náà ti di búlúù. Íǹkì mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ irú rẹ̀, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, yẹ́lò àti pupa ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣá. Lára àwòrán èèyàn, ẹ̀rín ni ìyẹn. Lára àwòrán ìgbà ìrúwé, àdánù gbáà ni, torí yẹ́lò tó wà nínú ewé ló jẹ́ kó tutù lójú. Tó bá ti lọ, gbogbo igbó yín á di búlúù.

Lẹ́yìn náà ni owó, owó gbogbo rẹ̀ títí àwòrán fi dé orí ìṣó ni mo sì ń sọ: owó àwòrán, owó tó gbé e wá, owó fírémù. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí ohun tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á, àmọ́ màá sọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó ní in lọ́kàn láti tún un tà lọ́jọ́ iwájú ní ìbéèrè kan sí i, ìwé ẹ̀rí ọjà, màá sì fọwọ́ bà á níbi tó bá ti kàn.

Pósítà ìpàtẹ

Èyí ni pósítà tí ilé àwòrán tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ olùyàwòrán. Orúkọ rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ tàbí lókè, pẹ̀lú orúkọ ilé náà àti déètì. Hockney jẹ́ ògbólógbòó nídìí èyí. Òun wà lára àwọn tó ṣe pósítà fún Òlíḿpíìkì Munich ní 1972, àwọn èèyàn sì ń wá pósítà rẹ̀ àtijọ́ kiri títí dòní.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Pósítà ni, ó sì kọ ọ́ sára pé pósítà lòun. Olùyàwòrán tàbí àwọn aṣojú rẹ̀ fọwọ́ sí i, àwọ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà sí èyí tó fẹ́. Nígbà tí ìpàtẹ bá ń lọ lọ́wọ́, owó rẹ̀ kì í wọ́n. Bí ìpàtẹ bá ti parí tí ọjà tán ní ṣọ́ọ̀bù ilé àwòrán, ọwọ́ àwọn alájàpá ló kù sí, wọn á sì bu owó lé e. Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín nígbà tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi di ọ̀la.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìrìn àjò. Owó pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà, owó tí wọ́n á fi gbé e dé Ìbàdàn sì lè ju owó pósítà lọ, ká má tíì dárúkọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀nà tó rọ̀ mí lọ́rùn jù ni kí ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé kó o wá. Ẹ bá wọn ro bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó rà á. Pósítà A2 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42 sí 59.4. Bí wọ́n bá ká a kí 42 jẹ́ gígùn rẹ̀, á wọ inú àpò àgbéwọ-ọkọ̀-òfuurufú tó jẹ́ nǹkan bíi 55 ní gígùn. A1, tó jẹ́ 59.4 sí 84.1, kò ní wọ̀ ọ́ àfi kí wọ́n fi í dábùú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi nǹkan yín dábùú láàárín bàtà àti ṣokoléètì. Èyí tó jẹ́ 50 sí 70, tí ọ̀pọ̀ ilé àwòrán ń lò, á wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìnira díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi páìpù páálí líle sí i, kó má baà ṣe pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹrù.

Bó bá dé, ẹ má ṣe ká a padà sí òdìkejì kó lè nà. Bébà á sán. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fi bébà funfun mímọ́ bò ó, kí ẹ wá to ìwé ńlá lé e fún ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ lè dá a mọ̀ fúnra yín. Ẹ yá gíláàsì kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń kì bọ ojú. Ẹ gbé e lé ibi tí ojú ọ̀run wà. Bí ẹ bá rí tótótó aláwọ̀ mẹ́rin tó to ara wọn bí òdòdó kéékèèké, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ló tẹ̀ ẹ́, pósítà lásán ni. Bó bá jẹ́ àmì kéékèèké tó fọ́n ká láìlétò bí ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ onífọ́nká-íǹkì ló ṣe é. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé àwọn kan máa ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára pósítà onítótótó, wọ́n á sì pè é ní iṣẹ́ tó níye. Bí ẹ bá ti rí òdòdó yẹn, owó pósítà ni kí ẹ san.

Bébà pósítà ìpàtẹ sábà máa ń fẹ́lẹ́, íǹkì rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń ṣá. Inú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà ló bá mu.

Àtẹ̀jáde tó ní nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù

Àwọn àwòrán Woldgate ti Hockney, 25 péré ni wọ́n tẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, sórí bébà tó ju mítà kan lọ ní gíga. Ilé gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń tà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sókè. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀ ti ní agbaninímọ̀ràn tirẹ̀, kò sí nínú àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹnì kan bá fi “Hockney onínọ́ńbà” lọ̀ yín ní owó tẹ́lifíṣọ̀n, ẹ má wulẹ̀ jókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé irú ètò yìí kan náà wà lọ́dọ̀ àwọn olùyàwòrán tiwa, ní owó tí òṣìṣẹ́ lè kó jọ. Kò sì ṣàjèjì sí ìlú yìí. Ìbàdàn ni wọ́n dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti olùyàwòrán, sílẹ̀ ní 1961. Bruce Onobrakpeya, àgbà nídìí títẹ àwòrán ní Nàìjíríà, kópa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ifẹ̀. Àwọn tó ti ń ra iṣẹ́ irú wọn láti ìgbà yẹn mọ ohun tí 7/30 tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sísàlẹ̀ àwòrán túmọ̀ sí: ẹ̀dà keje nínú ọgbọ̀n.

Àmọ́ pákó tàbí irin tí wọ́n fín máa ń gbó lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Fáìlì kì í gbó. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá fáìlì dúró lórí 30 ni ọ̀rọ̀ ẹnu olùyàwòrán. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ẹ bi í ní ìbéèrè tó le díẹ̀. Ṣé 30 yìí ni gbogbo rẹ̀, àbí 30 ní A2, 100 ní A3, àti èyí tí kò níye ní káádì ìkíni? Ṣé á tún ta fáìlì náà fún ẹlòmíràn láti tẹ̀? Bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ṣé á tẹ òmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, kí ni á sì ṣe sí èyí tó bàjẹ́? Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú orúkọ àwòrán, ọdún tó yà á, ọdún tó tẹ̀ ẹ́, irú bébà àti íǹkì, kó sì buwọ́ lù ú. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Èyí tó bá ní “ẹ ò fọkàn tán mi ni?”, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìbuwọ́lù náà yẹ ní wíwò. Ẹ gbé bébà náà sọ́nà iná lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ́ńsù á dán díẹ̀, á sì tẹ bébà wọlé lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìbuwọ́lù tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àwòrán kò ní dán yàtọ̀ sí ibi tó kù.

Irú èyí ló sábà máa ń wà lórí bébà òwú tó nípọn, bíi gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin kan, tí wọ́n fi íǹkì tí wọ́n ń pè ní pigment tẹ̀. Íǹkì yẹn máa ń pẹ́ gan-an kó tó ṣá. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti pósítà lọ dáadáa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nyí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ẹ bá pa ìwé wọn mọ́, ẹlòmíràn lè rà wọ́n lọ́wọ́ yín lọ́la.

Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá sanwó

Ẹ ti rí wọn: ìkànnì òkèèrè tó ní àwòrán ayé gbogbo, ẹ yan èyí tó wù yín, ẹ yan bó ṣe máa tóbi tó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan lára wọn gbàṣẹ. Ọ̀pọ̀ kò gbà á. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni kí ẹ lọ sí ojúewé olùyàwòrán fúnra rẹ̀; bí òun bá darí yín sí ìkànnì náà, ó dára. Bí kò bá mẹ́nu bà á, ó ṣeé ṣe kí owó yín má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó tún mú kí n máa fà sẹ́yìn ni pé ẹ̀ ń san owó dọ́là àti owó ìkó-ẹrù fún ohun tí atẹ̀wé ìlú yìí lè ṣe. Ẹni tó ń gbé ní Houston lè jàǹfààní rẹ̀. Ará Ìbàdàn, mi ò rí i.

Kí ẹ ra fáìlì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nílé

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán lórí ẹ̀rọ báyìí ń ta fáìlì pẹ̀lú àṣẹ pé kí ẹni tó rà á tẹ ẹ̀dà kan fún ilé rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí ló bá àpò àti ìlú wa mu jù, ó sì tún jẹ́ èyí tó rọrùn jù láti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀.

Àṣẹ ló ṣáájú. Àwòrán tí ẹ fà wálẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe fáìlì tí ẹ rà, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Òfin ẹ̀tọ́-oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, tọdún 2022, dáàbò bo iṣẹ́ olùyàwòrán ní gbogbo ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ náà ní kíkọ, kódà kó jẹ́ ìlà méjì nínú íméèlì: orúkọ yín, orúkọ àwòrán, iye ẹ̀dà, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka píksẹ́lì. Kí A3 tó lè mọ́ kedere, fáìlì yẹ kó ní 3508 sí 4961. A2 ń fẹ́ 4961 sí 7016. Fáìlì A3 yẹn náà lè ṣe A1 bí ẹ bá máa gbé e kọ́ síbi tí èèyàn ti ń wò ó láti òdìkejì pálọ̀, torí iye tótó inú ínṣì kan á lọ sílẹ̀ láti 300 sí 150. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya ojú fóònù ní fọ́tò, kí ni wọ́n rò? Ojú iPad àkọ́kọ́ jẹ́ 1024 sí 768 péré. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ kedere, kò ní tó àtẹ́lẹwọ́ yín.

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju fáìlì náà sí mi lórí WhatsApp.” Ẹ ní, “Rárá, àbúrò, inú fláàṣì ló wà.” WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì jẹ àwọ̀ rẹ̀. Bó bá pọn dandan, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tẹ odidi, ẹ ní kí wọ́n tẹ apá kékeré kan, bí ìbú ọwọ́ méjì, níbi tí ewé àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, ó tọ́ sí wọn. Ẹ gbé e jáde síta, torí iná ṣọ́ọ̀bù ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wo ojú ọ̀run: bó bá ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀, orí ẹ̀rọ ti dí, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ wo ewé: kò ní tàn bíi ti fóònù láéláé, torí fóònù ní iná lẹ́yìn, bébà kò ní, àmọ́ kò yẹ kó di àwọ̀ ẹ̀fọ́ tó ti jinná jù. Ẹ wá fi omi díẹ̀ tọ́ ìka yín, kí ẹ fi ra igun kan. Bí àwọ̀ bá bá ìka yín lọ, íǹkì olómi lásán ni, kò ní bá òjò àti oòrùn wa dọ́rẹ̀ẹ́. Bí kò bá ràn, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ bèèrè ìwọ̀n bébà náà pẹ̀lú. Bébà tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì jẹ́ gíráàmù 80, á ká lójú gíláàsì bí ọyẹ́ bá dé. Ẹ má gba ohun tó bá kéré sí 200. Bí wọ́n bá ní fótó pépà tó ń dán nìkan ni àwọn ní, ẹ bèèrè èyí tí kì í dán. Àwòrán ojú ilẹ̀ tó ń dán lẹ́yìn gíláàsì tó ń dán, iná gílóòbù yín nìkan ni ẹ máa máa rí níbẹ̀.

Ohun kan tí ìwé òkèèrè kò ní sọ fún yín: ẹ lọ nígbà tí iná dúró, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ ti wà lórí iṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí A1 dé ìdajì, ẹ̀rọ kì í rántí ibi tó dé. Ìlà kan á kù síbẹ̀, ọmọ náà á sì máa fi dá yín lójú pé kò hàn.

Owó bébà àti títẹ̀ kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkèèrè. Ẹ lè tún un tẹ̀ bó bá ṣá, bí àṣẹ yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ parí àwòrán náà, kì í ṣe olùyàwòrán. Kò ní iye kankan lọ́jà. Bí ẹ bá lè rí i fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò apá kékeré yẹn fún olùyàwòrán kí ẹ tó tẹ odidi. Inú àwọn tí mo mọ̀ máa ń dùn sí i.

Fléẹ̀sì, sìtíkà àti káńfáàsì

Fléẹ̀sì wà fún òkú, ìgbéyàwó àti ìpolongo ìbò. Fíìtì onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀, A1 á wọ inú 2 sí 3, ó sì pọ́ọ́kú. Kò bẹ̀rù òjò. Òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni òkèèrè ni wọ́n ṣe é láti máa wò ó. Ẹni tó ní ọgbà oúnjẹ ní ìta gbangba lè lò ó, pẹ̀lú àṣẹ olùyàwòrán. Sìtíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pákó dára díẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ooru máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ ṣí.

Káńfáàsì ni àwọn alájàpá máa ń fi tan èèyàn jù, torí ó jọ ọ̀dà. Ó ní àǹfààní kan: kò nílò gíláàsì. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ á wọ inú òwú rẹ̀, ẹ ò sì lè fi omi nù ún. Lójú tèmi, àwòrán tí wọ́n fi ìka yà lórí gíláàsì iPad kò ní ìdí kankan láti máa ṣe bíi pé ọ̀dà ni òun.

Fírémù lè jẹ́ ìdajì owó náà

Àwọn tó ń ṣe fírémù pọ̀ ní ìlú yìí, ọwọ́ wọn sì dá. Àṣà wọn kan ló yẹ kí ẹ bá wọn jà lórí rẹ̀: wọ́n máa ń lẹ àwòrán mọ́ gíláàsì gbágbágbá. Nígbà òjò, òógùn á hù nínú gíláàsì, bébà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ojú ọ̀run á kù sára gíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n fi káádì funfun tó nípọn yí àwòrán ká kí àlàfo lè wà. Káádì náà àti èyí tó wà lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ní ásíìdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi àbàwọ́n bíráúnù sára bébà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Pílíwúùdù tí wọ́n kàn mọ́ ọn lẹ́yìn lásán ń ṣe irú àbàwọ́n yẹn, ó sì ń pe ikán.

Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́ onínọ́ńbà rárá. Igun bébà kéékèèké tí wọ́n fi ń di fọ́tò mú nínú álúbọ́ọ̀mù tó. Ẹ lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹ̀yìn fírémù nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín òun àti ògiri kọjá. Ògiri tí òjò ń lù níta máa ń tutù, bébà tó bá fara tì í á bu. Ẹ má gbé e kọ́ sọ́kánkán fèrèsé.

Ta ni kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé, tó fẹ́ kí ògiri rẹ̀ ní ẹwà: fáìlì láti ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà, A3, bébà gíráàmù 200, fírémù tó mọ níwọ̀n. Ẹ máa lò ó, ẹ má ṣìkẹ́ ẹ jù.

Ẹni tó jẹ́ pé Hockney gan-an ló wù ú, kó má bá ẹ̀dà jíjí wàhálà. Pósítà ìpàtẹ ni tirẹ̀, A2 tàbí 50 sí 70, kí ẹnì kan bá a kó o bọ̀, kó sì ná owó tó kù sórí fírémù tó dára.

Ẹni tó fẹ́ kó iṣẹ́ jọ, tó ní in lọ́kàn pé àwọn ọmọ òun máa jogún rẹ̀: iṣẹ́ onínọ́ńbà ti olùyàwòrán kan ṣoṣo tó ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan lọ́dún tó bá jẹ́ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn. Kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí sínú fáìlì tí ìwé ilé wà, kì í ṣe lẹ́yìn fírémù, torí ẹni tó bá jí fírémù á jí i mọ́ ọn.

Onílé ìtura tàbí ọ́fíìsì tó ní ògiri gígùn láti kún, kó lọ bá olùyàwòrán fún àṣẹ oníṣòwò, tí owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ilé, kó sì tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí wọ́n bá pín in sí ìgbà méjì, ewé yàrá 101 kò ní bá ewé yàrá 102 mu.